Ata tí kì í ta ẹnu: Bí a ṣe lè gbin tàtàṣé láti inú irúgbìn ní àgbàlá ilé

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó máa ń jáde kúrò níwájú dókítà pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan tí wọn kì í gbàgbé: "Ẹ dín ata kù." Fún ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, tàbí ẹni tí àyà máa ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, ìkìlọ̀ yìí máa ń dàbí ìdájọ́. Ọbẹ̀ á di funfun, oúnjẹ á tẹ́ lẹ́nu, àwọn mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù nítorí pé wọn kò rí ohun tí wọn lè jẹ kí ó dùn mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ata ni ó ń ta. Tàtàṣé wà, tí ó pupa, tí ó ní ẹran lára, tí ó sì kún fún èròjà aṣaralóore, ṣùgbọ́n tí títa rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti rodo.

Ní Ikpoba Hill, ní ìlú Benin tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó, púpọ̀ nínú tàtàṣé tí wọ́n ń tà lọ́jà ni ó ń ti Òkè Ọya wá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gba Lokoja, Okene àti Auchi kọjá a máa wọ ìlú láti apá Aduwawa, tí kò jìnnà sí òkè náà. Kí ata tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò sè é, oòrùn ti pa á nínú àpò lójú ọ̀nà, òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, owó rẹ̀ á fò sókè. A rí àpẹẹrẹ èyí ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí àwọn tí ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá kíkó ọjà wá sí ìhà Gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà di ohun ọ̀wọ́n káàkiri.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn rodo lè fara dà á, nítorí rodo méjì péré lè ta ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ẹni tí tàtàṣé nìkan jẹ́ ata rẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ronú nípa gbígbin díẹ̀ sí àgbàlá ara rẹ̀.

Ṣé ata ni ó ń fa ọgbẹ́ inú?

Kí a tó dé ìdí ọ̀gbìn, ó yẹ kí a mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Ata kọ́ ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ní ọdún 1982, àwọn oníṣègùn méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ṣàwárí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ikùn ènìyàn, èyí tí a mọ̀ sí Helicobacter pylori. Òun ni ó wà nídìí púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Ìwádìí yìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní ọdún 2005. Ohun kejì tí ó sábà ń fà á ni lílo oògùn ìrora bíi aspirin àti ibuprofen ní àlòjù. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá ti wà níbẹ̀ ná, tàbí bí omi kíkan inú ikùn bá ń ru sókè sí ọ̀nà ọ̀fun, ata títa lè mú kí ìrora náà pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nítorí náà, ẹni tí inú ń ta gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ó sì gba oògùn tí ó yẹ. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ènìyàn bá ń bì ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni kíákíá; kì í ṣe ọ̀rọ̀ ata mọ́. Tàtàṣé kì í ṣe oògùn ọgbẹ́ inú. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí ẹni tí ń gba ìtọ́jú lè jẹ ọbẹ̀ tí ó ní àwọ̀ àti adùn. Kódà, ara kì í bá ara mu. Àwọn kan wà tí tàtàṣé pàápàá kò bá lára mu, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ènìyàn fi dán an wò, kí ó sì bi dókítà rẹ̀.

Ohun tí ó ń mú kí ata ta ni èròjà kan tí a ń pè ní capsaicin. Ọ̀pọ̀ gbà pé inú irúgbìn ni ó wà, ṣùgbọ́n awọ funfun tí irúgbìn so mọ́ láàárín ata ni ibùjókòó rẹ̀. Ní ọdún 1912, Wilbur Scoville, apoògùn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a fi ń mọ bí ata ṣe ta tó. Lórí òṣùwọ̀n náà, ata ńlá tí kò ta rárá wà ní òdo, nígbà tí ata irú rodo lè wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n yìí ni tàtàṣé wà.

Ará ènìyàn ń gbọ́ capsaicin bí ẹni pé iná ni ó jó o, nítorí pé ibi kan náà tí iṣan ara fi ń mọ ooru ni èròjà yìí ń bà. David Julius, tí ó ṣàlàyé bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2021. Ẹyẹ kì í gbọ́ ọ ní tirẹ̀. Adìẹ lè jẹ rodo láìmi ojú, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé títa ata yóò dáàbò bo ọgbà yín lọ́wọ́ adìẹ aládùúgbò. Ti ewúrẹ́, mo fi sílẹ̀ fún ìrírí yín. Àwọ̀n tàbí ọgbà igi ni ó dájú jù.

Ní ti èròjà aṣaralóore, gíráàmù 100 ata ńlá pupa tí kò ta, ní tútù, lè ní fítámìnì C tí ó lé ní mílígíráàmù 100. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé dá fún àgbàlagbà lójúmọ́ ni mílígíráàmù 45. Iná máa ń pa púpọ̀ nínú fítámìnì yìí, nítorí náà ata tí a bá sè fún wákàtí méjì kò lè ní ohun tí ata tútù ní. Ó tún ní èròjà pupa tí ara ń sọ di fítámìnì A fún ojú àti awọ ara; èyí ní tirẹ̀ kì í tètè bàjẹ́ lórí iná, òróró díẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa.

Ìlú Benin àti ata, ọjọ́ ti pẹ́

Ní ọdún 1486, àwọn ará Potogí tí João Afonso de Aveiro ṣáájú gbé ata kan láti Benin lọ sí Lisbon, láti èbúté Ughoton. Àmọ́ ata ọ̀hún kì í ṣe èyí tí a ń sọ yìí. Ìyèré ni, igi inú igbó wa tí ó ń fà mọ́ igi mìíràn. Rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàṣé kò tíì dé ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn ìrìnàjò Columbus ti ọdún 1492, àwọn ará Potogí náà sì wà lára àwọn tí ó gbé wọn dé etíkun wa. Nítorí náà àlejò ni tàtàṣé jẹ́ lórí ilẹ̀ Benin. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àlejò náà kò fẹ́.

Ohun tí kò fẹ́ ni òjò àpọ̀jù. Òjò tí ń rọ̀ ní ìlú Benin lọ́dún kan lé ní mìlímítà 2,000. Ẹni tí ó bá ti Akpakpava sọ̀kalẹ̀ wá sí afárá odò Ikpoba, tí ó sì gun òkè lọ sí Ramat Park, á rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì ní iyanrìn púpọ̀. Òjò máa ń fọ ọ̀rá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń sọ ọ́ di ilẹ̀ kíkan. Lórí ibi tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àgbàrá a tún máa wọ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀ lọ pátápátá, gbogbo ìlú náà sì mọ ohun tí àgbàrá lè ṣe.

Ní tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n ń gbin tàtàṣé nígbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, ìyẹn nígbà òjò àkọ́rọ̀. Igi náà á dàgbà, ewé á dúdú minimini, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá máa so ni òjò oṣù Keje máa ń dé. Òdòdó á rẹ̀, èso á ní àbààwọ́n dúdú, igi mìíràn á sì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Àsìkò tí ó sàn jù ni kí a fi irúgbìn sílẹ̀ láàárín oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, kí a sì ṣí i lọ sí ojú ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, nígbà òjò àrọ̀kúrò. Èso rẹ̀ á pọ́n ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní. Òru máa ń tutù díẹ̀ nígbà ọyẹ́, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí pé òdòdó tàtàṣé máa ń já bọ́ bí òru bá gbóná jù. Ọ̀kan nínú ìdí tí ó fi ń so dáadáa ní Òkè Ọya nìyí. Ẹni tí ó ń gbìn ín ní Benin kò gbọ́dọ̀ retí irú ìkórè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò tó ìkòkò ilé lè ti inú igi mẹ́wàá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ó bá ń so.

Láti inú irúgbìn dé orí ilẹ̀

Ẹ lè ra irúgbìn nínú páálí lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò àgbẹ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ láti inú tàtàṣé tí ẹ rà lọ́jà. Irúgbìn inú páálí mìíràn máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí ewé; oògùn kòkòrò ni wọ́n fi pa á lára. Ẹ má ṣe fi í sẹ́nu, ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pa á mọ́ kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé. Bí ó bá jẹ́ ti ọjà, ẹ yan ata tí ó pọ́n dé ìdí, tí kò ní ibi kankan tí ó rà. Ẹ yọ irúgbìn rẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé, fún ọ̀sẹ̀ kan. Orí páànù gbígbóná kì í ṣe ibi tí à ń sá irúgbìn.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ dán an wò. Ẹ ka mẹ́wàá sínú aṣọ tí ó tutù díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn náà dára. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wá òmíràn kí ẹ má baà fi oṣù kan ṣòfò.

Ọ̀rá omi tí a ti mu omi inú rẹ̀ tán jẹ́ ìkòkò tí ó dára fún ọ̀gbìn kékeré. Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì rọ ilẹ̀ sí i: agolo méjì ilẹ̀dú sí agolo kan ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà. Ó dára kí a ti da omi híhó sórí ilẹ̀ yìí ní ọjọ́ bíi méjì ṣáájú, kí ó pa èbu àti ẹyin kòkòrò inú rẹ̀. Irúgbìn méjì nínú ọ̀rá kan tó, kí wọ́n má sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ní ooru 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó jẹ́ ooru wa ojoojúmọ́, wọ́n máa ń hù láàárín ọjọ́ 7 sí 14, àwọn mìíràn sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi èyí tí ó lágbára jù sílẹ̀, kí ẹ gé ìkejì.

Abẹ́ òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ni kí wọ́n wà, nítorí òjò oṣù Kẹsàn-án lè fọ́ wọn túútúú. Ohun tí ó ń pa ọ̀gbìn kékeré jù ni omi àpọ̀jù. Bí ẹ bá rí i tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lójú ilẹ̀ tí ó sì ṣubú, èbu inú ilẹ̀ ni ó mú un. Kò sí ìwòsàn fún èyí tí ó ti ṣubú. Ẹ dín omi kù fún àwọn tí ó kù, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa kọjá láàárín wọn. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ máa ṣí wọn, ẹ máa gbé wọn sínú oòrùn, wákàtí méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa fi kún un.

Nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, tí wọ́n sì ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ṣí wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60 sáàárín igi kan sí èkejì. Ẹ kọ ebè tí ó ga díẹ̀ kí omi má baà dúró sí ìdí wọn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí ebè dábùú òkè. Ebè tí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀ ń lànà fún àgbàrá ni. Ilé tí símẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà tí a lu ihò sí. Eérú igi, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ní ti ìgbẹ́ adìẹ, ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò, ó sì lè ní kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹ má ṣe bu omi gọ́tà fún ohun tí ẹ máa jẹ, bí ó ti wù kí ọ̀dá omi mú tó. Bákan náà, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí ibi tí wọ́n ti ń túnṣe bátìrì rí lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nínú àpò, pẹ̀lú ilẹ̀ tí a gbé wá láti ibòmíràn, ni kí ẹ gbin tiyín bí ó bá rí bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò, oògùn, àti ẹ̀fọn

Ewé tí ó bá ká kò, tí ó ní àmì àdàlú àwọ̀ ewé àti ìyeyè, fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà wà nídìí rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń fa omi ewé mu ni ó ń gbé e láti ara igi kan sí òmíràn. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ fa igi náà tu kíákíá, ó le lójú ṣùgbọ́n ó sàn ju kí gbogbo wọn lọ. Fún àwọn kòkòrò náà gan-an, omi tí a po ọṣẹ díẹ̀ mọ́, tí a fọ́n sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́, máa ń dín wọn kù. Omi ewé dọ́ńgóyárò tí a gún náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọ́n sí ata ni ọtapíapíà, pàápàá dichlorvos tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń pa aáyán. Májèlé tí ń kọ lu iṣan ara ni. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò.

Bí ìdí èso bá dúdú tí ó sì wọlé, kòkòrò kọ́. Kálísíọ̀mù ni kò dé inú èso, ohun tí ó sì sábà ń fà á ni pé a bu omi sí i lónìí títí ó fi rì, a sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ máa bu omi níwọ̀nba ní òwúrọ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi.

Àwo tí ẹ bá gbé sábẹ́ ìkòkò ọ̀gbìn, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ó pẹ́ tán. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà apọ́njú kiri máa ń yé sí, ibà yìí sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ní ìparí ọdún 2018. Ẹ ṣa èso tí ó bá já sílẹ̀ pẹ̀lú, kí eku má baà sọ ọgbà di ilé ní ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń yọjú lọ́dọọdún.

Ìkórè àti irúgbìn ọdún tí ń bọ̀

Láti ọjọ́ tí a ṣí i sí ojú ọgbà, tàtàṣé máa ń gbà tó ọjọ́ 70 sí 90 kí ó tó pọ́n. A lè ká a nígbà tí ó ṣì ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n èyí tí ó pupa ni fítámìnì rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fà á, ẹ̀ka á ya. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tó mọ́, kí ẹ yọ awọ funfun inú rẹ̀ fún ẹni tí inú ń ta, kí ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ ní tútù láti gé sórí oúnjẹ lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí tàtàṣé bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rodo tàbí ṣọ̀ǹbọ̀, yóò di ata títa. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í kàn ṣe bí wọ́n ṣe rò ó. Èso tí ẹ máa ká lọ́dún yìí, igi tí ó so ó ni ó pinnu títa rẹ̀, kò sí ohun tí aládùúgbò rẹ̀ lè fi í ṣe. Ṣùgbọ́n oyin lè gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ara ata títa wá, irúgbìn inú èso náà á sì di àdàlù. Ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá gbìn ín, ni ọ̀rọ̀ á tó jáde, ó sì lè jẹ́ ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún ni yóò kọ́kọ́ bù ú jẹ. Nítorí náà, lórí igi kan tí ó lágbára, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó là. Ata lè gba ara rẹ̀ lóyún láìsí oyin. Ẹ kàn máa mi ẹ̀ka náà díẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí èso bá ti yọ, ẹ tú àpò náà, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ká a sínú ọbẹ̀. Irúgbìn inú rẹ̀, bí ó bá gbẹ dáadáa tí a sì fi í sínú ìgò tí ó ní ìdérí síbi tí ó tutù, lè dúró fún ọdún méjì sí mẹ́ta.